Ẹni Tó Kọ́ Bí Wọ́n Ṣe Ń Darí Fásitì, Kí Ló Jẹ Wá?

Oyè ọ̀mọ̀wé kan wà tí kì í ṣe ti ìràwọ̀, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀, kì í sì í ṣe ti ìtàn àwọn ọba àtijọ́. Fásitì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀: bí wọ́n ṣe ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń náwó, ta ló láṣẹ láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní Amẹ́ríkà, Higher Education Administration ni wọ́n sábà máa ń pè é. Nílé níbí, abẹ́ Educational Management la ti sábà máa ń rí i. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ló ti ń ṣiṣẹ́ ní fásitì tẹ́lẹ̀. Wọ́n á ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì títí di aago mẹ́rin, wọ́n á wá ṣí ìwé lálẹ́, pẹ̀lú ariwo jẹnẹrétọ̀, fún ọdún mẹ́rin, ọdún márùn-ún, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Iṣẹ́ ńlá ni.

Ìbéèrè wa nìyí: ẹni tó ti gba PhD lórí ìdí tí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pẹ́ ní ọ́fíìsì, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan wá dúró síwájú wíńdò rẹ̀, ṣé gbèsè tó jẹ akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ju ti ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò kàwé dé bẹ̀ lọ? Nígbà tí a gbé e kalẹ̀ láàárín ara wa, àwọn kan ní rárá, iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Àwa tó kù ní ó jù ú lọ fíìfíì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ìmọ̀ yẹn ti ń wá. Púpọ̀ nínú yín ti bá wọn dá sí i rí. Ẹ jókòó sábẹ́ igi, ẹ ń retí kíláàsì, ẹnìkan dé pẹ̀lú ìdìpọ̀ ìwé ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi máàkì sí i, kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ." SA, A, D, SD. Ṣé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀ yín tẹ́ yín lọ́rùn? Ẹ fi máàkì sí SD, ẹ tún tẹ bírò mọ́ ọn. Ó gbàwé padà, ó dúpẹ́, ó lọ. Akọ̀wé kékeré tó ń gbé fáìlì káàkiri náà kọ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ fún yín, a ò sì ní kí wọ́n san án. Ṣùgbọ́n inú ìyà tí ẹ ń jẹ ni wọ́n ti bu ìmọ̀ yẹn, bí ẹní bu omi nínú kànga aládùúgbò.

Lẹ́yìn náà, orí márùn-ún. Orí karùn-ún ni àbá máa ń wà: àwọn alákòóso fásitì gbọ́dọ̀ ṣe báyìí, àwọn alákòóso fásitì kò gbọdọ̀ ṣe tọ̀hún. Wọ́n á di ìwé náà, èèpo rẹ̀ á le dáadáa, wọ́n á kọ orúkọ sí i ní àwọ̀ wúrà, ó di orí pẹpẹ ní láíbìrì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn nìyí: lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹni tó kọ àbá yẹn á di igbákejì rẹ́jísítírà, bóyá rẹ́jísítírà pàápàá, tí gbogbo àwọn akọ̀wé fásitì á wà lábẹ́ rẹ̀. Òun gan-an ló wá di "àwọn alákòóso fásitì". Lẹ́tà tó kọ ti dé, òun náà ló sì kọ ọ́ sí. Ṣé ó ti ṣí i kà?

Ọ̀kan nínú wa rí àyè gbà láti kàwé sí i ní Kánádà, transcript rẹ̀ láti fásitì nìkan ló kù. Ó sanwó, ó gba rìsíìtì, ó lọ síbẹ̀ títí bàtà fẹ́ jẹ tán. "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi ti ń tán lọ." "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Padà wá lọ́la." Oṣù mẹ́rin ni ọ̀la fi jẹ́. Wọ́n fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Lára ilẹ̀kùn ibi tó ti ń gbọ́ "padà wá lọ́la", wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà gadagba síbẹ̀: Ph.D., Educational Management. A ò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹ̀yin náà mọ tiyín.

Irú nǹkan báyìí ló ń mú kí àwọn kan sọ pé ẹ̀kọ́ náà gan-an ni kò wúlò. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n dá University College Ìbàdàn sílẹ̀ lọ́dún 1948, lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Kenneth Mellanby tó kọ́kọ́ darí rẹ̀, onímọ̀ kòkòrò ni. Kenneth Dike tó darí rẹ̀ lẹ́yìn náà, onímọ̀ ìtàn ni. Sàbúrì Bíòbákú tó ṣe rẹ́jísítírà níbẹ̀, onímọ̀ ìtàn lòun náà. Kò sí èyí tó gba PhD lórí ìṣàkóso, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì dúró.

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ka ìtàn náà síwájú díẹ̀. Lọ́dún 1965, ní Yunifásítì Èkó, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ kọ̀ láti tún Eni Njoku yàn, ẹni tó jẹ́ gíwá àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni Sẹ́nétì, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, fẹ́. Bíòbákú ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹnu ò kò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ló wà nídìí ẹ̀. Àwọn olùkọ́ bínú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bínú, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì fi ọ̀bẹ gún Bíòbákú. Orí ló kó o yọ. Ọkùnrin tó kọ odidi ìwé lórí ìtàn Ẹ̀gbá, ìtàn ò gbà á lọ́wọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo tí fásitì náà ò tíì dáhùn: láàárín Sẹ́nétì àti Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ, ta ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ta ló sì yẹ kí wọ́n bi kí wọ́n tó sọ ọ́? Irú ìbéèrè yẹn ni ẹ̀kọ́ ìṣàkóso máa ń tú palẹ̀. A ò lè pè é ní òfo. Ká ní òfo ni, gbèsè ò bá má sí nínú ẹ̀ rárá.

Ẹni tó takò wá jù láàárín wa ní ẹnìkan ṣoṣo ò lè tún ètò ṣe. Fáìlì kan á gba ọwọ́ èèyàn méje, iná á lọ, ọ̀gá ò ní sí nítòsí, wọ́n á tún wá daṣẹ́ sílẹ̀; lọ́dún 2022 nìkan, oṣù mẹ́jọ ni ASUU fi wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Ó ní dókítà tó mọ̀ pé ibà ni, tí kò sí oògùn ní ọsibítù, ṣé òun ló pa aláìsàn? A gbà fún un, òun kọ́. Àmọ́ dókítà yẹn ò lè wo ojú aláìsàn kó ní, "Kò sóhun tó ń ṣe ọ́, padà wá lọ́la." Ẹni tí kò kàwé dé bẹ̀ lè sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, kó sì jẹ́ pé ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn. Ẹni tó fi odidi orí kẹrin ìwé rẹ̀ ṣàlàyé pé kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó wá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, irọ́ ló pa. Ìwé tó kà ti gba àwáwí yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kéré jù tó jẹ akẹ́kọ̀ọ́ ni kó sọ fún un pé: "Fáìlì rẹ ṣì wà ní ẹ̀ka rẹ, wọn ò tíì fọwọ́ sí i. Kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ yẹn lónìí, kí wọ́n fún ọ ní àyè sí i." Ìyẹn ò gba owó, kò gba iná.

Gbèsè kejì ló le. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2007, àwọn fásitì kan tó kóra jọ sábẹ́ Carnegie Project on the Education Doctorate ti ń tún oyè Ed.D. rò, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mú ìṣòro ibi iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣèwádìí, kó sì gbìyànjú láti tún un ṣe. (Ẹ má rò pé à ń sọ pé Amẹ́ríkà ti di ọ̀run, ibẹ̀ náà, àwọn tó kàn ń lé oyè ò wọ́n.) Èrò náà wù wá, ó sì bà wá lẹ́rù. Nílé níbí, ta ló máa kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ́fíìsì ọ̀gá òun ni fáìlì ti ń sùn, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀gá yẹn ló máa fọwọ́ sí ìgbéga òun? Bóyá ìdí nìyí tí àkọlé fi pọ̀ tó ń parí sí "ní àwọn fásitì kan tí a ṣà yàn". Àwọn fásitì kan. Kò kan ẹnikẹ́ni. A ò dá ẹni tó ní ọmọ tó ń bọ́ lẹ́bi pé ó ń ṣọ́ra.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ báyìí, ó kéré tán, ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ wa, ẹ dá èsì rẹ̀ padà. Ẹ kó orí karùn-ún sí ojú ewé méjì, ní Yorùbá tàbí ní òyìnbó tí kò le, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kọ́rídọ̀ tí ẹ ti pín ìwé ìbéèrè. A máa kà á. Kì í kúkú í ṣe pé ọwọ́ wa dí níbẹ̀.