Olórin Alárìnkiri àti Abiyamọ Aláàkàrà

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, oríṣi ènìyàn méjì ló máa ń ṣe kòńgẹ́ ara wọn nígboro: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, àti ẹni tí tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Onígìtá tó ti kọrin níbi ìgbéyàwó mọ́jú ń bọ̀ pẹ̀lú gìtá léjìká àti iyanrìn nínú bàtà. Aláàkàrà ti dáná, epo ti gbóná, ó ń fi ṣíbí da ẹ̀wà lílọ̀ sínú agbada lẹ́yọ lẹ́yọ. Kosai ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n Yorùbá tó bá gbọ́ òórùn rẹ̀ kò ní béèrè orúkọ. Ìkòkò ẹ̀kọ mímu tí wọ́n fi jéró ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sùn sórí ẹní lẹ́yìn àpótí ìjókòó rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó máa fi í sílẹ̀ fún nílé.

Irú àwọn méjì yìí pọ̀ ní ìlú náà, n kò sì ní dárúkọ ẹnì kankan. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá wọ̀, ẹnu ayé kì í gbà á. Obìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi. Tó bá kan ọkùnrin, wọ́n á ní, "Olórin ni, ṣé ẹ ò mọ̀ wọ́n ni?" Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Bí òṣùwọ̀n ọmọlúàbí bá wà fún ọba, tó wà fún ìwọ̀fà, kí ló dé tí a ó fi yọ olórin sílẹ̀? Ẹni tí kò nílé, tí kò lóko, tí kò mọ ìlú tí òun yóò wà lóṣù tó ń bọ̀, kí ni a lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó pè é ní ọmọlúàbí?

Ẹ má jẹ́ ká sáré pe alárìnkiri ní ọ̀lẹ. Ní àríwá Niger, ọ̀dá ló lé ọ̀pọ̀ Tuareg kúrò nídìí ẹran ọ̀sìn. Ọ̀dá tó le jù ní nǹkan bí 1973 pa màlúù àti ràkúnmí wọn, ti 1984 tún wá gbá èyí tó kù lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò rí ẹran dà mọ́ kọrí sí Algeria àti Libya. Ishumar ni wọ́n ń pè wọ́n, gìtá ni wọ́n sì ń gbé kiri bí àwọn bàbá wọn ti ń gbé idà. Omara Moctar, tí ayé mọ̀ sí Bombino, tí wọ́n bí ní 1980 lẹ́bàá Agadez, ṣì kéré nígbà tí ọ̀tẹ̀ 1990 lé òun àti ẹbí rẹ̀ dé Algeria. Nígbà tí òmíràn tún bẹ́ sílẹ̀ ní 2007, wọ́n pa méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin, òun fúnra rẹ̀ sá lọ sí Burkina Faso. Ọdún 2010 ló tó padà wá kọrin lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí ńlá Agadez. Ní oṣù keje ọdún 2023, Mdou Moctar, onígìtá Tuareg mìíràn, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niamey. Wọn kò rílé lọ, wọ́n ní láti bẹ àwọn olólùfẹ́ orin wọn fún owó tí wọn yóò fi gbé lókèèrè. Ẹni tí ayé lé jáde nílé ni ọ̀pọ̀ wọn. Ìrìn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Àwa náà ní tiwa. Benjamin Aderounmu tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Kokoro, afọ́jú ọmọ Ọ̀wọ̀, kọrin kiri òpópónà fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi jáde láyé ní 2009. Òun ni Cyprian Ekwensi wò kọ ìwé The Drummer Boy ní 1960. Yorùbá gbádùn ẹnu alágbe, wọ́n á lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, ṣùgbọ́n kí alágbe ní òun fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn, ojú á yí padà. Bákan náà ló rí ní Niger. Ilé tí wọ́n ti bí Mdou Moctar kò fẹ́ gìtá, okùn bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe èyí tó kọ́kọ́ ta. Nínú fíìmù tó ti kópa ní 2015, tí wọ́n yà ní Agadez, bàbá ló dáná sun gìtá ọmọ. Bẹ́ẹ̀, olórin mìíràn wà ní Niamey tí kò sí ohun tó jọ ìrìnkèrindò lára rẹ̀: Almeida, olórí ẹgbẹ́ Tal National, iṣẹ́ adájọ́ ló ń ṣe lójú mọmọ, òru ló ń gbé gìtá. Ẹ ò ní sọ pé gìtá ló ń ba ìwà jẹ́.

Obìnrin ńkọ́? Láàárín àwọn Tuareg, obìnrin ló ni àgọ́. Àwọn obìnrin ẹbí rẹ̀ ló ń bá a ṣe é nígbà tó bá fẹ́ lọ́kọ, bí ìgbéyàwó bá sì tú, ọkùnrin ló ń kẹ́rù jáde. Mo fẹ́ kí àwọn tó fẹ́ràn láti máa pe obìnrin ní dálémosú ro èyí wò. Ní tiwa, obìnrin ló ń ru ẹrù padà sílé bàbá rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn yẹn, ọkùnrin ni dálémosú, àgọ́ ìyá rẹ̀ ló ń sá padà sí.

Ṣùgbọ́n Niamey kì í ṣe aṣálẹ̀. Ní ìlú tó wà létí Odò Ọya yìí, odò kan náà tó ń ṣàn kọjá ní Jẹ́bà, onílé ló ni yàrá, owó ilé sì ń pé lóṣooṣù. Ẹni tí kò rí owó yàrá san á pa ahéré oníkoríko sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, á máa bá a ṣọ́ ọ títí onílẹ̀ á fi ṣetán láti kọ́lé. Àgọ́ tó jẹ́ agbára obìnrin ti lọ, ọmọ ló ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Ọmọ náà sì ń pọ̀: ìwádìí ìjọba ní 2012 fi hàn pé obìnrin Niger ń bí ọmọ 7.6 ní ìpíndọ́gba, kò sì sí orílẹ̀-èdè tó ju wọ́n lọ láyé nígbà náà. Bí ọkọ bá kú tàbí tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, bazawara ni àwọn Hausa máa ń pè é, gbogbo àdúgbò á sì máa ka iye ìgbà tí ọkùnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè lẹ́yìn ìgbàjọba 2023, tó tún gé iná tó ń fi ránṣẹ́ sí Niger, ọjà wọ́n gógó, ibodè kò sì ṣí títí di oṣù kẹta 2024. Kò sẹ́ni tó bi aláàkàrà léèrè bó ṣe ń ra epo.

Níbi tí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ irú àwọn méjèèjì ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹwà níbẹ̀, kò sí orin. Àwìn ni. Lóde ìgbéyàwó, bí onígìtá bá ń kọrin, àwọn èèyàn á dìde wá náwó fún un gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe lóde tiwa. Ṣùgbọ́n owó náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ á gba tirẹ̀, ẹni tó ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn á gba tirẹ̀, bó bá sì jẹ́ pé àyálò ni gìtá, ẹni tó ni ín náà ń dúró. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, kò ní ju owó kọ́bọ̀ lọ lọ́wọ́ olórin. Dálà ni wọ́n fi ń kàwó lọ́jà ibẹ̀, fáráǹkì 5 ni dálà kan. Ó fẹ́ jẹ àkàrà dálà ogún, kò pé lọ́wọ́ rẹ̀. "Màá san án ní Sátidé." Obìnrin wò ó láti òkè délẹ̀, ó wé àkàrà náà fún un sínú bébà, ó sì fi ẹyọ kan ṣe èènì.

Sátidé dé. Ṣé ó san án? Kò sí ìdánwò tí mo mọ̀ tó ju èyí lọ. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kọ nípa ìwàpẹ̀lẹ́ ní 1975, ọ̀rọ̀ sísọ wà lára ohun tó kà mọ́ àmì ọmọlúàbí. Ẹnu sì ni olórin fi ń jẹun. Ó lè fi ẹnu sọ ọkọ ìyàwó tó yá aṣọ wọ̀ di ọba ní òru kan. Bí kò bá lè fi ẹnu kan náà mú àdéhùn dálà ogún ṣẹ, kí la fẹ́ fi ohùn dídùn rẹ̀ ṣe? Dálà ogún yẹn ni owó ẹ̀wà ọ̀la. Ẹni tó jẹ aláàkàrà lówó tí kò san án ti jẹ nínú oúnjẹ ọmọ.

Ti ọmọ ló tún wá le jù. Ọmọ á jí, á rí gìtá, á fẹ́ fọwọ́ kàn án. Olórin kan á gbá a lọ́wọ́ dànù. Òmíràn á jókòó sílẹ̀, á gbé gìtá lé ọmọ nítan, á bá a tẹ okùn lókè, á jẹ́ kí ó fi àtàǹpàkò ta á nísàlẹ̀. Obìnrin tó ń yí àkàrà nínú epo kò ní wojú wọn, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkàn abiyamọ ti máa ń rọ̀, ibẹ̀ náà sì ni ewu wà. Òótọ́ ni pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n orí tí o bá tún ṣe lónìí, ẹni tó ni ín á máa wá ọ lọ́la. Ìyá mọ̀ pé alárìnkiri ni ọkùnrin náà, ó sì lè pinnu ohun tó bá wù ú. Ọmọ kò mọ̀. Ẹni tó bá ń tan ìyá, mo lè gbọ́ àwáwí rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọmọ ṣe àkàbà dé ọ̀dọ̀ ìyá, n kò ní gbọ́ tirẹ̀ rárá.

Ọjọ́ ìrìnàjò á sì pé. Ọ̀nà Agadez jìn. Ọkọ̀ á gba Dosso, á gba Konni àti Tahoua, orí ìjókòó ni ilẹ̀ á ti ṣú bá ọ̀pọ̀ èrò. Ó rọrùn kéèyàn wọkọ̀ láì sọ fún ẹnì kankan. Láyé àtijọ́ à bá ní kò rí ẹni rán. Àwọn olórin aṣálẹ̀ wọ̀nyí kò lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Orin tí Mdou Moctar gbà sílẹ̀ ní Sokoto ní 2008, láti fóònù dé fóònù ló ti rìn, inú káàdì kékeré ni àwọn èèyàn ti ń dà á kọ fún ara wọn, kí ó tó wọ àwo tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ń tọ fóònù dé ìlú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ rí, ṣé ó wá lè sọ pé òun kò rí ọ̀nà dágbére? Ní tèmi, ìdágbére ni ìdajì ìwà alárìnkiri. Ẹni tó ń gbé àárín wa, ojoojúmọ́ la fi ń wò ó. Ẹni tó ń kọjá lọ, ọjọ́ tó lọ la máa fi mọ̀ ọ́n.

Ìtàn kan wà nínú Ifá tí àwọn tó ń ṣàforíjì fún olórin kì í rántí. Ọ̀rúnmìlà fẹ́ Ìwà, ọmọ Sùúrù. Obìnrin náà lẹ́wà, ó sì ní àbùkù tirẹ̀. Ọ̀rúnmìlà ń bá a wí ṣáá títí ó fi bá tirẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan bàjẹ́ mọ́ Ọ̀rúnmìlà lọ́wọ́. Àwọn tó ń wá dáfá kò wá mọ́, iyì rẹ̀ ré lọ. Ó gbé agọ̀ eégún wọ̀, ó ń kọrin láti ẹnu ọ̀nà ọba kan dé ti òmíràn, ó ń béèrè Ìwà. Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn yìí, a máa ń sáré dé ibi tí a ti ń sọ pé ìwà ṣe kókó. Ẹ dúró díẹ̀ síbi orin yẹn. Bàbá Ifá fúnra rẹ̀ di olórin alárìnkiri, aya tí kò tọ́jú ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń kọrin wá kiri yìí ti jókòó sínú ilé rẹ̀ rí.

A lè béèrè tiwa lọ́wọ́ obìnrin náà. Kí ó bi ọkùnrin léèrè ilé tó ti wá, kí ó bi í bóyá aya wà ní Agadez, tí òmíràn wà ní Arlit, kí ó má fi ojú àánú nìkan yan ẹni tí ọmọ rẹ̀ yóò máa pè ní bàbá. Ṣùgbọ́n n kò ní gbé ẹrù kan náà lé àwọn méjèèjì lórí. Kí olórin tó dé ni obìnrin yìí ti ń jí ṣiṣẹ́, tó ti ń lo sùúrù, tó ti ń jẹ́ akíkanjú. Àwọn aládùúgbò tó ń yọ ṣùtì sí i, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ san àwìn tiwọn.

Ìdájọ́ tèmi nìyí. Bí onígìtá náà bá san àwìn rẹ̀, tí kò fi ọmọ ṣe ìdẹ, tó dágbére kó tó lọ, tó sì fi èyí tó bá ṣèlérí ránṣẹ́, ọmọlúàbí ni, kódà bí kò bá fẹ́ obìnrin náà, kódà bí Niamey kò bá rí i mọ́. Ẹni tó fi àgbò àti ìmáàmù fẹ́ ẹ lójú gbogbo ayé, tó wá di èrò Libya tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́, kì í ṣe ọmọlúàbí, bí ìnáwó rẹ̀ ti wù kó kún tó. Ẹ̀yin Yorùbá tí ẹ ń ṣòwò ní Niamey, tí ẹ máa ń pe onígìtá sí ìkómọ àti ìgbéyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ san owó wọn pé lóru ọjọ́ náà. Ẹ má ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.