Àgbàfipamọ́ Ni Wọ́n Lọ́wọ́ Wa

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ènìyàn ní oríṣiríṣi, tí kò sì dá ẹnì kankan lásán. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀, títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń gba ara mi àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Ìbéèrè kan ń jẹ àwọn òbí kan lọ́kàn ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáíkò wa yìí: "Bí mo bá kú, ta ni yóò máa tọ́jú ọmọ mi?" Ọmọ tí wọ́n ń wí kì í ṣe ọmọdé mọ́, irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ọ́tísímù. Ọ̀rọ̀ lè ṣòro fún un láti sọ, ariwo ọjà Alábà lè dẹ́rù bà á, bí ètò ọjọ́ rẹ̀ bá sì yí padà lójijì, ó lè dà á láàmú. Èyí kì í ṣe àlùjọ̀nnú, kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá rẹ̀. Bí Ọlọ́hun ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀ ni, kì í sì í lọ nígbà tí ènìyàn bá dàgbà.

Ẹ rántí Sūratu Abasa. Afọ́jú kan, Abdullāhi ọmọ Ummu Maktūm, tọ Ànábì wá nígbà tí àwọn sàràkí Kuraiṣi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, Ọlọ́hun sì sọ ìkìlọ̀ kalẹ̀ nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, afọ́jú yìí di ládàánì, Ànábì a sì máa fi Mẹ̀dínà sí ìkáwọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá rin ìrìn àjò. Kì í ṣe àánú nìkan ni wọ́n fún un. Wọ́n fún un ní iṣẹ́ àti ipò.

Ẹ̀yin ará, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní ọdún 2011 fún àwọn tí ó ní ìpèníjà ara. Òfin náà ni ó dá àjọ LASODA sílẹ̀, tí ó sì ní kí àpò owó wà fún ìrànwọ́ wọn. Òfin ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ lé e ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ẹ̀tọ́ ni èyí, kì í ṣe agbe. Ẹ lọ forúkọ ọmọ yín sílẹ̀; ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé, ó ṣòro kí a tó rántí rẹ̀ níbi ìpín.

Àwọn àjọ aláàánú náà a máa fi owó ìrànwọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ju ọdún mélòó kan lọ. Nígbà tí ó bá tán, ibi ìkọ́ṣẹ́ a tì, olùkọ́ a lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin náà a sì padà sínú yàrá. Owó ìrànwọ́ ní òpin. Ọ́tísímù kò ní.

Nígbà tí Sàyídínà Umar ní ilẹ̀ ní Khaibar, Ànábì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó dá ilẹ̀ náà dúró, kí ó sì máa fi èso rẹ̀ ṣe sàráà. A kì í tà á, a kì í jogún rẹ̀. Èyí ni wákàfù. Bí jamáà wa bá ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí wákàfù, owó tí ayálégbé ń san lè máa gbọ́ bùkátà olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan, kódà lẹ́yìn ikú wa.

Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ tálákà, ó ní ẹ̀tọ́ nínú sàká. Tálákà àti aláìní ni Sūratut-Taobah kọ́kọ́ dárúkọ nínú àwọn mẹ́jọ. Bí ó bá sì ní ogún, Sūratun-Nisā pa á láṣẹ pé kí a máa fi dúkìá bọ́ ẹni tí kò lè bójú tó o, kí a fi wọ̀ ọ́ láṣọ, kí a sì bá a sọ ọ̀rọ̀ rere. Kí ẹbí má ṣe tìtorí pé kò lè rojọ́ jẹ ogún rẹ̀. Ọlọ́hun ni yóò bá a rojọ́.

Bí ó bá wá sí mọ́sálásí, tí ó pariwo nínú sáfù, ẹ má lé e. Ilé Olúwa rẹ̀ ni.

Ọlọ́hun, ṣàánú àwọn ẹrú Rẹ wọ̀nyí, fún àwọn òbí wọn ní sùúrù, kí O sì fi wá ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè wọn. Àmín.