Ìṣákọ́lẹ̀ Lórí Afẹ́fẹ́

Láàárín Òkè Kulal àti Òkè Nyiru, ní àríwá Kenya, afẹ́fẹ́ kì í sinmi. Ó ti ń bu iyanrìn sójú àwọn darandaran Rendille, Samburu àti Turkana kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ń jẹ́ ìwé ilẹ̀. Lónìí ó ti di owó. Ẹ̀rọ amúnáwá 365 ló tò lọ bẹẹrẹ lórí pápá náà, ní ìpínlẹ̀ Marsabit, ọ̀kọ̀ọ̀kan na apá mẹ́ta sókè, agbára gbogbo wọn sì jẹ́ 310 mẹgawáàtì. Ta ló wá yẹ kó máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò dá?

Bi Yorùbá àtijọ́, á ní Ọya ló ni ín. Ìdáhùn yẹn kì í ṣe ìtàn lásán: bí nǹkan bá ti ní òrìṣà tó ni ín, ńṣe ni ènìyàn tó ń lò ó yá a, kò sì sẹ́ni tí í ta ohun tó yá. John Locke, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, gba ọ̀nà míì. Ó ní gbogbo aráyé ni Ọlọ́run fún ní ayé, àmọ́ ẹni tó bá po òógùn rẹ̀ mọ́ nǹkan ló ni nǹkan náà, bí èyí tó dáa, tó sì tó, bá ṣáà ti kù fún ẹlòmíì. Ibi tó parí ọ̀rọ̀ sí yẹn ni àwọn olówó máa ń gbójú fò.

Ní ti afẹ́fẹ́, ó jọ pé Locke á dá ilé-iṣẹ́ tó ni àwọn ẹ̀rọ náà láre. Apá ẹ̀rọ kì í gbé afẹ́fẹ́ jẹ. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣì ń rí i mí. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ni ìjà wà. Ilẹ̀ ló rì sí, ilẹ̀ kì í sì í bímọ. 150,000 éékà ni wọ́n kọ sínú ìwé fún ilé-iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ àjọni ni. Lóòótọ́, ẹran ṣì ń jẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì tún ọ̀nà 208 kìlómítà ṣe láti Laisamis dé ibẹ̀, oore ńlá fún ọlọ́jà. Iṣẹ́ pọ̀ nígbà ìkọ́lé. Ìkọ́lé parí, iṣẹ́ tán. Iná ńkọ́? Láti 2018 ló ti ń gba orí wáyà 428 kìlómítà kọjá lórí ahéré àwọn darandaran, ó di Suswa, ní gúúsù Kenya.

Ní 1912, olóyè Ìjẹ̀bú kan láti Odògbolú sọ fún ìgbìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ pé ẹbí ńlá kan ló ni ilẹ̀: ọ̀pọ̀ wọn ti kú, díẹ̀ ló wà láàyè, àwọn tí a kò tíì bí kò lóǹkà. Kò sí darandaran Marsabit tí ọ̀rọ̀ yìí máa ṣe àjèjì sí.

Ní erékùṣù Samsø, ní Denmark, níbi tí nǹkan bí 4,000 ènìyàn ń gbé, wọn ò bá ara wọn jiyàn lórí ẹni tó ni afẹ́fẹ́. Iye tí wọ́n ń ta ìpín ni wọ́n bèèrè. Søren Hermansen, ọmọ ibẹ̀ tó ti ṣe olùkọ́ rí, ń ti ìpàdé kan bọ́ sí òmíràn títí àwọn àgbẹ̀ fi ra mẹ́sàn-án nínú ẹ̀rọ 11 tí wọ́n rì sórí ilẹ̀. Owó àdájọ ará ìlú ló ra méjì yòókù. Bóyá ariwo ẹ̀rọ kì í fi bẹ́ẹ̀ dun etí ẹni tó ní ìpín nínú rẹ̀. Ẹni tí kò lówó ìpín ńkọ́? Nítorí irú wọn ni márùn-ún tí ìjọba ìbílẹ̀ rà nínú ẹ̀rọ mẹ́wàá tí wọ́n rì sínú òkun fi ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ.

Kóòtù ni ti Marsabit gbà lọ. 2014 ni àwọn ará ibẹ̀ pe ẹjọ́ lórí ilẹ̀ náà. Oṣù Kẹwàá 2021 ni kóòtù tó wà ní Meru tó sọ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà rí ìwé ilẹ̀ náà kò bá òfin mu. Afẹ́fẹ́ fẹ́, a rí fùrọ̀ adìẹ. Ọdún kan ni àwọn adájọ́ fún ìjọba láti fi tún ìwé náà ṣe. Ẹjọ́ ilẹ̀ ni wọ́n dá. Àwọn ẹ̀rọ kò dúró.