Akọni Inú Ìbòjú Níwájú Òṣùwọ̀n Ọmọlúàbí

Oṣù mẹ́jọ péré lẹ́yìn tí àwọn apániláyà gbé bọ́ǹbù wọ ọkọ̀ ojú irin mẹ́ta àti bọ́ọ̀sì kan nílùú Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù keje ọdún 2005, tí ẹ̀mí ènìyàn 52 sì bá a lọ, ni sinimá tí wọ́n ń pè ní V for Vendetta jáde sí gbangba. Bí ọ̀rọ̀ sì ti rí bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ìtàn tí akọni inú rẹ̀ di bọ́ǹbù kún ọkọ̀ ojú irin láti fi wó Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì palẹ̀, dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ láàárín àwọn òǹwòran. Àwọn kan ní agbódegbà ni ẹni tí ó bá pàtẹ́wọ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní ẹni tí kò bá pàtẹ́wọ́, ẹrú àwọn aninilára ni. Mo tẹ́tí sí ìhà méjèèjì, nítorí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí mo sì ṣàkíyèsí ni pé ọ̀tá tí ọkùnrin náà ń bá jà ni ọ̀pọ̀ wọn tẹjú mọ́, díẹ̀ ni ó bojú wo ọwọ́ tí ó fi mú ẹni tí ń bẹ lábẹ́ òrùlé rẹ̀.

Ìhà kẹta tilẹ̀ wà, èyíinì ni ti àwọn tí wọ́n ti ka ìwé aláwòrán tí a ti mú ìtàn náà jáde, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan sinimá. Alan Moore ni ó kọ ọ́, David Lloyd ni ó ya àwòrán rẹ̀, ọdún 1982 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé e jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Warrior, láyé ìjọba Margaret Thatcher. Moore kò sọ fún òǹkàwé bóyá akọni ni V, ọkùnrin inú ìbòjú náà, tàbí wèrè. Ó gbé àwọn òǹrorò pàápàá kalẹ̀ bí ẹlẹ́ran ara, ó sì fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ń kà á. Àwọn ọmọ ìyá Wachowski tí wọ́n kọ ọ́ fún sinimá, àti James McTeigue tí ó darí rẹ̀, fọ V mọ́ tónítóní, títí tí ó fi so aṣọ ìdáná mọ́yà tí ó ń dín ẹyin fún àlejò rẹ̀. Inú bí Moore. Ó ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò, kí wọ́n sì kó owó tí ó tọ́ sí òun fún Lloyd. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ẹni tí orúkọ ṣe iyebíye lójú rẹ̀ ju wúrà àti fàdákà lọ, kí ó wo ọkùnrin onírùngbọ̀n yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ.

Òṣùwọ̀n ọmọlúàbí ni èmi fẹ́ fi wọn V, ọmọlúàbí kì í sì í ṣe oyè tí a fi ń dá ènìyàn lọ́lá nítorí pé ọ̀tá rẹ̀ burú. Adam Sutler, olórí ìjọba inú ìtàn náà, burú dé góńgó: ọwọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni àrùn tí ó pa àwọn ọmọ ìlú ti wá, òru ni wọ́n ń gbé ènìyàn, kò sì sí ẹni tí yóò ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo Evey, ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò ní baba, tí kò ní ìyá mọ́, tí V fúnra rẹ̀ gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn agbófinró oníwà ìbàjẹ́. Ọkùnrin kan náà yìí ni ó jí i gbé, tí ó fá orí rẹ̀ kodoro, tí ó tì í mọ́ yàrá ẹ̀wọ̀n tí ó ṣe sínú ilé ara rẹ̀, tí ó ń fi ìyà jẹ ẹ́, tí ó sì jẹ́ kí ó gbà pé ìjọba ni ó wà nídìí rẹ̀, títí tí ọmọ náà fi yàn láti kú dípò kí ó tú àṣírí ẹni tí ń dá a lóró gan-an.

Àwọn alágbàwí V ní ẹ̀rù ni ó fẹ́ lé kúrò lára Evey. Wọ́n tún ní ìwé tí Valerie kọ sórí bébà ìnùdí nínú ẹ̀wọ̀n, tí Evey kà, kì í ṣe ayédèrú. Obìnrin náà gbé ayé lóòótọ́. Mo gbà, n kò sì rí ibi tí ó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo sinimá náà. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa tí wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, kí a fi ọ̀tún fà á mọ́ra, kò ní kí a bo ojú wa nígbà tí a bá ń na ọmọ, kí a sì purọ́ fún un pé ará ilé kejì ni ó nà án. V ti jẹ irú ìyà yìí rí ní Larkhill, ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba inú ìtàn náà, ó mọ bí ó ti ń ta ni lára. Ohun tí ìmọ̀ yẹn sì kọ́ ọ kì í ṣe àánú.

Ìtàn Ọ̀yọ́ kò ṣàì mọ irú ènìyàn báyìí. Ètò wà láti kọ Aláàfin tí ó bá ń ni ìlú lára, Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè, ni ó sì ń pa ìmọ̀ pọ̀ kí Baṣọ̀run tó kéde rẹ̀. Baṣọ̀run Gáà lo agbára yìí, ó fi ọba jẹ, ó sì rán ọba lọ sí ọ̀run, títí tí òun alára fi di ohun tí ìlú ń sá fún, tí Aláàfin Abíọ́dún sì ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1774. Ẹni bá láyà kó ṣèkà. Bó bá rántí ikú Gáà, kó sòótọ́. V kò tilẹ̀ ní Ọ̀yọ́ Mèsì kankan tí ó ń bá jókòó. Ohun kan ṣoṣo tí ó fi sàn ju Gáà ni pé, nígbà tí ó kù díẹ̀, ó fi ìpinnu ìkẹyìn lé Evey lọ́wọ́, kò sì dúró láti jọba.

Síbẹ̀, láti ọdún 2008 ni àwọn afẹ̀hónúhàn ti ń wọ ìbòjú V kiri ìgboro, ojú Guy Fawkes tí ó fẹ́ fi ẹ̀tù fọ́ ilé aṣòfin ní ọdún 1605, àwọn tí ó ni sinimá náà sì ń gba owó lórí ojúlówó ìbòjú tí a bá rà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó rẹ́rìn-ín.

Ẹni tí àwọn òǹwòran kì í sábà dárúkọ ni Finch, ọlọ́pàá tí Stephen Rea ṣe. Ọmọ ẹgbẹ́ ìjọba ni, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwádìí ń fà á lọ sí ẹnu ọ̀nà àwọn ọ̀gá rẹ̀, kò yà bàrá, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóró kí ó tó mọ òótọ́. Ní òpin ìtàn ó na ìbọn sí Evey lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú irin náà, ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó sì sọ ìbọn kalẹ̀. Ẹlòmíràn lè pe èyí ní ojo. Èmi, bí wọ́n bá ní kí n mú ẹnìkan nínú ìtàn náà wá sí àárín àwọn àgbà ilé wa, òun ni n óò mú, n óò sì kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tí ẹnu rẹ̀ wà ní gbogbo ọdún tí ó fi jẹ oúnjẹ Sutler.