Ibi Tí Kò Béèrè Nǹkan Lọ́wọ́ Ẹni àti Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Béèrè Ẹni

Bí ọjọ́ Ìsinmi bá mọ́ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, oríṣi ilé méjì ni àwọn ọmọ wa ń lọ. Àwọn kan ń tẹ̀lé òbí wọn lọ sí ilé ìsìn. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn tí wọ́n ti lé ní ọmọ ogún ọdún, ń yà sí ilé kọfí. Wọn a ra ife kan, wọn a sì jókòó ti ọ̀rẹ́ tàbí kọ̀ǹpútà wọn títí di ọ̀sán. Bí òbí bá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, èsì tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn ni pé, "Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í yọ mí lẹ́nu." Ọ̀rọ̀ yìí ń dun ọ̀pọ̀ òbí. Ṣùgbọ́n kí a tó bínú, ẹ jẹ́ kí a gbé e yẹ̀ wò, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán. Ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ nìyí: èwo ló sàn fún ènìyàn, ibi tí kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ ni, tàbí ibi tí wọ́n ti ń béèrè rẹ̀ nígbà tí wọn kò bá rí i?

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀tá ni kọfí àti ìsìn jẹ́ sí ara wọn kò mọ ibi tí kọfí ti wá. Ilẹ̀ Ethiopia ni igi rẹ̀ ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín àwọn Mùsùlùmí Súfì ilẹ̀ Yemen, ní sẹ́ńtúrì kẹẹ̀ẹ́dógún, ni ìròyìn mímu rẹ̀ ti kọ́kọ́ hàn kedere. Òru ni wọ́n ń mu ún, kí oorun má baà gbé wọn lọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìrántí Ọlọ́run. Ohun mímu àìsùn ni. Nígbà tí ó yá, ó jáde kúrò nínú ilé ìsìn lọ sí ọjà, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ nítorí rẹ̀. Ní ọdún 1511, gómìnà ìlú Mẹ́kà fòfin dè é, ṣùgbọ́n òfin náà kò pẹ́ nílẹ̀.

Ní ọdún 1652, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Pasqua Rosée ṣí ilé kọfí àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní St Michael's Alley, ládùúgbò Cornhill. Kò pẹ́ tí irú ilé bẹ́ẹ̀ fi pọ̀ káàkiri ìlú. Pẹ́nì kan péré ni owó àtiwọlé. Ẹni tí ó bá ti san án lè jókòó nídìí tábìlì kan náà pẹ̀lú oníṣòwò, akọ̀wé tàbí ọmọ ìjòyè, kí ó ka ìwé ìròyìn, kí ó sì dá sí ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní yunifásítì oní-pẹ́nì-kan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ gbóná débi pé Ọba Charles Kejì kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 1675 pé kí wọ́n ti gbogbo ilé kọfí pa. Ariwo tí ó tẹ̀lé ìkéde yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọba fi yí ohùn padà ní oṣù Kìíní ọdún 1676, kí ọjọ́ tí òfin yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó pé. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní ibi eré lásán ni ilé kọfí, kí ó rántí pé ọba bẹ̀rù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a yìn ín kọjá ààlà. Ilé tí wọ́n ní ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn yìí, ọkùnrin ni ó ṣí sílẹ̀ fún. Bí obìnrin bá wà níbẹ̀, iṣẹ́ ló sábà ń ṣe. Fún àwọn ènìyàn wa dúdú, ọ̀rọ̀ náà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1680, Edward Lloyd ní ilé kọfí kan tí àwọn ọlọ́kọ̀ òkun àti oníṣòwò ti ń pàdé. Láti ibẹ̀ ni Lloyd's ti bẹ̀rẹ̀, ọjà ìdójútòfò tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé, ọkọ̀ tí ń kó ẹrú sì wà lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n dójútòfò wọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, Lloyd's tọrọ àforíjì ní gbangba fún ipa tí ó kó nínú òwò ẹrú. Nínú àwọn ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù ayé ìgbà náà, àwọn olówó ẹrú a máa kéde ọmọ Áfíríkà tí ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn a sì dárúkọ ilé kọfí tí ẹni tí ó bá mú un ti lè gba owó ẹ̀bùn. Irú ilé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ òmìnira náà ni wọ́n ti ń sanwó fún ẹni tí ó bá dá olùwá-òmìnira padà sóko ẹrú.

Kí àwa ọmọ ìjọ má sì tíì pàtẹ́wọ́. Ẹgbẹ́ ajíhìnrere kan ti Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, Society for the Propagation of the Gospel, ni ó jogún oko ìrèké Codrington ní Barbados ní ọdún 1710, pẹ̀lú àwọn ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, kò sí èyí tí ó lè fi ìtàn àtijọ́ yangàn nínú ilé méjèèjì. Ohun mìíràn ni a ní láti fi wọ̀n wọ́n.

Ní ọdún 1989, onímọ̀ nípa àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, Ray Oldenburg, kọ ìwé kan tí ó ń jẹ́ The Great Good Place. Ó ní ènìyàn nílò ibi mẹ́ta: ilé rẹ̀, ibi iṣẹ́ rẹ̀, àti ibi kẹta kan tí yóò ti máa bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, tí yóò sì ti máa tàkúrọ̀sọ láìsí ọ̀gá, láìsí ọmọ ọ̀dọ̀. Kò sí Yorùbá tí ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣe àjèjì létí rẹ̀. Kí ni abẹ́ igi odán, níbi tí àwọn àgbà ti ń ta ayò, tí wọ́n sì ń dá ẹjọ́ ìlú bí wọ́n ti ń ta á? Kí ni ìsọ̀ ẹlẹ́mu? Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ń san owó ìjókòó lábẹ́ igi odán.

Níbi ìjókòó yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dí. Starbucks gba ọ̀rọ̀ ibi kẹta yìí, ó fi ń polówó ara rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú méjì jókòó nínú ọ̀kan lára àwọn ilé kọfí rẹ̀ ní ìlú Philadelphia, wọ́n ń dúró de ẹnì kan. Wọn kò tíì ra nǹkan kan. Wọ́n pe ọlọ́pàá sí wọn, ọlọ́pàá sì fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí ayé ti pariwo, ilé iṣẹ́ náà ní ẹnikẹ́ni lè jókòó bí kò tilẹ̀ ra nǹkan. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ó yí òfin náà padà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà: ẹni tí kò bá fẹ́ ra nǹkan, kí ó máa lọ. Èmi kò bá wọn jà lórí èyí. Ọjà ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ń san owó ilé. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a mọ ohun tí a rà: àyè ìjókòó ni a yá fún ìwọ̀n ìgbà tí ife wa yóò fi gbẹ.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ orúkọ. Nínú àwọn ilé kọfí kan, wọn a béèrè orúkọ rẹ kí wọ́n lè kọ ọ́ sára ife. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kì í sọ orúkọ tí bàbá sọ wọ́n. Wọn a mú èyí tí kò ní gba àlàyé, kí ìlà lè máa lọ. Bí wọ́n bá ti gba ife, orúkọ náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fi èyí wé àwùjọ tí ó jí ní ọjọ́ kẹjọ tí a bí ọmọ náà, tí olúkúlùkù sọ ọ́ lórúkọ tirẹ̀, tí ó sì fi owó lé e. Àwọn wọ̀nyí gba orúkọ náà sórí ara wọn. Bí ọmọ náà bá ṣe dáadáa, tiwọn ni; bí ó bá ṣìnà, ó kàn wọ́n.

Ohun tí àwọn ìjọ wa wá ṣe ní ìlú yìí nìyẹn. Nígbà tí àwọn ènìyàn wa ń dé Lọ́ńdọ̀nù láti kàwé àti láti ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ọ̀pọ̀ nínú wọn rí i pé ìkíni tí wọ́n bá nínú ṣọ́ọ̀ṣì òyìnbó tutù ju òtútù ìta lọ. Wọ́n dá tiwọn sílẹ̀. Church of the Lord (Aládùúrà) bẹ̀rẹ̀ níbí ní ọdún 1964, Ìjọ Kérúbù àti Séráfù ní 1965, Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá ní 1967. Àwọn Mùsùlùmí wa náà ní àsàlátù tiwọn. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé rí ẹni tí ó mọ ibi tí yàrá wà. Abiyamọ rí ẹni tí yóò bá a wẹ ọmọ. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ rí ẹni tí yóò jókòó tì í. Ènìyàn ni aṣọ mi, bí àwọn baba wa ti ń wí.

Ọdún 2020 sì dán ilé méjèèjì wò. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ni ìjọba Britain pàṣẹ pé kí olúkúlùkù jókòó sílé nítorí àrùn Kòrónà. Ilé kọfí tì, ilé ìsìn náà tì. Kò sí ẹni tí ó lè bá ilé kọfí wíjọ́ pé kò wá àwọn oníbàárà rẹ̀ rí, nítorí kò mọ ilé wọn. Ṣùgbọ́n ìwé orúkọ wà nínú ìjọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, wọ́n pín orúkọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń fi tẹlifóònù pe àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń dá gbé, wọ́n ń gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà aláìsàn. Ilé tì, ṣùgbọ́n ìjọ kò tì.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn ọmọ ń lọ? Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Ìjọ mìíràn wà tí ó mọ béèrè lọ́wọ́ ẹni ju kí ó béèrè ẹni lọ. Ó béèrè owó ilé, owó ọkọ̀, owó ìkórè àti owó aṣọ ẹgbẹ́. Bí ọmọ bá jáde yunifásítì tí kò ríṣẹ́, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ bá a lẹ́nu ọ̀nà ni, "Ìgbà wo la máa jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó rẹ?" Bí ó bá fi àṣírí rẹ̀ han àgbà kan lọ́jọ́ Ìsinmi, yóò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bí ó bá ní ohun kan rú òun lójú nínú ìgbàgbọ́, wọn a ní kí ó lọ gbààwẹ̀. Irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ti di ilé kọfí, àfi pé ife tirẹ̀ wọ́n jù. Ẹni tí ó sá kúrò níbẹ̀ kò sá fún Ọlọ́run.

Síbẹ̀, àlàáfíà tí kò ní ẹnikẹ́ni nínú kì í tó gbé ènìyàn dé alẹ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Òwe yìí kò lè ṣẹ nílé kọfí, nítorí kò sí ará ilé níbẹ̀. Ẹni tí ó jókòó sí tábìlì kejì lè máa jẹ kòkòrò. Ìwà ọmọlúwàbí ibẹ̀ ni kí o má wo ojú rẹ̀. A kò lè ní àǹfààní kí wọ́n béèrè wa lọ́jọ́ ìṣòro, kí a sì tún ní òmìnira pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mọ̀ wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tí yóò mọ̀ pé a kò wá ní láti kọ́kọ́ mọ̀ wá. Mímọ̀ yẹn ni ẹrù tí ó wà níbẹ̀, òun náà sì ni èrè.

Èyí kò wí pé kí ẹnikẹ́ni sá fún ilé kọfí. Bí obìnrin tí ń po kọfí bá ṣàkíyèsí pé bàbá arúgbó kan kò wá fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ó sì ní kí wọ́n lọ wò ó nílé, ìjọ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ilé ìsìn náà sì lè kọ́ ọgbọ́n. Ní St Martin-in-the-Fields, ní Trafalgar Square, ilé kọfí wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà, ṣọ́ọ̀ṣì yìí kan náà ni a sì mọ̀ fún ìtọ́jú àwọn tí kò nílé. Ilé méjèèjì lè bá ara wọn gbé.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin alàgbà, ẹ wo gbọ̀ngàn tí ó wà lẹ́yìn ilé ìsìn wa. Ẹ jẹ́ kí a tẹ́ tábìlì síbẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, kí a gbé kọfí àti tíì kalẹ̀ láìgba owó, kí ọ̀dọ́ lè sọ iyèméjì rẹ̀ lójú àgbà kí ẹnikẹ́ni má sì pè é ní ọlọ̀tẹ̀, kí àṣírí tí a bá sọ níbẹ̀ sì sùn síbẹ̀. Kí a dín ìbéèrè ìgbéyàwó kù, kí a fi ìbéèrè "Ṣé ara le? Báwo ni iṣẹ́ tí ò ń wá?" rọ́pò rẹ̀, kí a sì dúró gbọ́ èsì. Kí a tó tún ka orúkọ àwọn tí wọ́n jẹ owó ìkórè, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka orúkọ àwọn tí a kò rí láti oṣù mẹ́ta, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa mú orúkọ kan lọ sílé, kí ó sì pe olúwarẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.