Ìwúre Apẹja Lẹ́yìn Òjò

Olódùmarè, Ọba tó ni omi òkè tó tún ni omi ilẹ̀, a dúpẹ́ òjò àná. Àwa apẹja Agbóyi tún fẹ́ wọ ọkọ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí àṣẹ yín dún ketekete.

Odò Ògùn ti pọ́n. Ẹrẹ̀ òkè ti bá a wálẹ̀, ojúoró ń wọ́ kọjá lẹ́bàá èbúté, ẹja ò ríran jìnnà mọ́. Imú àti irùngbọ̀n ni àrọ̀ fi ń wá oúnjẹ kiri báyìí. Ọlọ́run, fún wa lọ́gbọ́n ìjẹ tó bá irú omi yìí mu. Ẹni tí yóò lo ekòló, kí ó rí èyí tó sanra nínú ilẹ̀ tí òjò rọ̀. Bó bá fi ìwọ̀ gún un, kí ìdí rẹ̀ ṣẹ́kù síta, kó máa jà nínú omi. Ẹni tó gé ọṣẹ ìfọṣọ sẹ́nu ìwọ̀ (àjèjì ló ń fi í rẹ́rìn-ín, àrọ̀ ń gbé e mì ní tiẹ̀), kí ọṣẹ náà má tètè yọ́. Ẹni tó lọ tọrọ ìfun adìẹ ní Máìlì 12, kí òórùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹja kó tó dé imú aládùúgbò. Kí ìjẹ wa balẹ̀ sí ìdí òpó èbúté, níbi tí ẹja ń sá pamọ́ sí fún ìṣàn. Kí ìwọ̀ kọ́ ẹja, kó má kọ́ igi.

Àwọn ọmọ wa tó ń fi ìjẹ oníke dẹ ẹja báàsì létí èbúté ní Amẹ́ríkà, a ò yọ wọ́n sílẹ̀. Bí omi ọ̀dọ̀ wọn bá dàrú, kí ọwọ́ wọn bọ́ sórí èyí tó dúdú, tàbí èyí tó ń gbọ̀n tí ẹja lè fi ara gbọ́. Kí wọ́n má fowó ra aláwọ̀ mèremère tó jẹ́ pé ojú apẹja nìkan ló ń tàn jẹ.

Dáàmù Ọ̀yán tó ń sé omi lókè odò wa níbí láti 1983, nígbà tí wọ́n bá tú u sílẹ̀, kó má ká wa mọ́ ojú oorun. Kétu, Ìkòsí, Máìlì 12, Agbóyi, títí dé Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú: omi ò ní gbé ìkòkò wa, kò ní gbé bẹ́ẹ̀dì wa, kò ní gbé ọmọ wa. Àṣẹ!

Ẹja á tó jẹ, á tó tà. Àwọn ìyá tó ń gbé e lọ sọ́jà, oníbàárà wọn á sanwó lójú ẹsẹ̀. A ò ní gbọ́ “ẹ padà wá gbà á lọ́la” lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àṣẹ.