Ẹni Tí Ó Pa Àmì Rẹ́, Ǹjẹ́ Ó Purọ́?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìbéèrè kan wà tí ó ti ń da ọkàn mi láàmú láti ìgbà ìsinmi tí ó kọjá, mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbéèrè náà ni pé: ǹjẹ́ ènìyàn lè purọ́ nígbà tí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde jẹ́ òtítọ́? Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ nípa èdè ni yóò yára dáhùn pé irọ́ ni kí ènìyàn sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà rò tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan kọ́ mi pé ọ̀rọ̀ náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí n tó sọ ìtàn mi, ó yẹ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ ayé òde òní ní ọpọlọ tirẹ̀, èyí tí í ṣe kọ̀ǹpútà kékeré. Ó ń gba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ńsọ̀ tí ó wà káàkiri ara ẹ́ńjìnnì. Bí ohun kan kò bá rí bí ó ti yẹ, ọpọlọ yìí yóò kọ àmì kan pamọ́, yóò sì tan iná kékeré kan tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí epo pupa síwájú awakọ̀. Nítòsí ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń wà ni ojúhò kan wà tí a lè ki okùn bọ̀. Ẹni tí ó bá ki okùn bọ̀ ọ́, tí ó sì so ìdí kejì okùn náà mọ́ láápútọ́ọ̀pù, yóò lè ka ohun tí ọkọ̀ kọ. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1996 ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí a ń tà níbẹ̀ ní irú ètò yìí. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó para pọ̀ ní Yúróòpù sì ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2001 fún ọkọ̀ tí ń lo epo bẹntiróòlù. Nítorí pé tòkunbọ̀ láti ilẹ̀ wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí a ń gùn, òfin tí a kò bá wọn ṣe ti di ohun èlò lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì Ìbàdàn àti Kútọnu.

Àmì tí ọkọ̀ ń kọ ní gírámà tirẹ̀. Lẹ́tà kan ni ó máa ń ṣáájú, àmì mẹ́rin mìíràn a sì tẹ̀lé e. P dúró fún ẹ́ńjìnnì àti jíà. B fún ara ọkọ̀. C fún ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí i bíréèkì. U fún ọ̀nà tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. P0301 ń wí pé epo kò jó bí ó ti yẹ nínú sìlíńdà kìíní; P0302 ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa èkejì. P0171 ń wí pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù fún epo. P0420 ń wí pé kátálístì, èyí tí ń fọ èéfín mọ́ kí ó tó jáde, kò ṣiṣẹ́ tó bí ó ti yẹ. Ẹ kò rí i pé èdè ni èyí!

Ní àkókò ìsinmi náà, mo ń ran ẹ̀gbọ́n mi kan lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Mẹkáníìkì ni, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Nítorí náà ó fi láápútọ́ọ̀pù àti okùn lé mi lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n mi lọ ra ẹ̀yà ọkọ̀, ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Ó fẹ́ tà á, iná pupa náà sì ń tàn. Mo so okùn mọ́ ọn, mo kà á: P0420. Ó ní òun kò bèèrè ohun tí ó túmọ̀ sí, kí n ṣáà bá òun pa iná náà. Bọ́tìnì kan péré ni mo tẹ̀. Àmì parẹ́, iná kú, ó sì fún mi ní owó díẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni ìyá kan wá wo ọkọ̀ náà. Olùkọ́ ni, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì. Kò mọ̀ nípa ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́n. Ó ní kí n so ẹ̀rọ mọ́ ọn lójú òun. Mo so ó mọ́ ọn.

“Ọmọ mi,” ni ó wí, “kí ni ẹ̀rọ yìí sọ?”

“Kò kọ àmì àìsàn kankan, mà.”

“O ṣé. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé ni a ó máa gbẹ́kẹ̀ lé.”

Ó sì san owó ọkọ̀.

Wàyí o, òtítọ́ ni ohun tí mo sọ. Ẹ̀rọ náà kò kọ àmì kankan ní wákàtí yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ojú ewé mìíràn wà nínú láápútọ́ọ̀pù náà. Nígbà tí a bá pa àmì rẹ́, ọkọ̀ a gbàgbé àyẹ̀wò tí ó ti ṣe fún ara rẹ̀ pẹ̀lú, a sì kọ ọ́ síwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn pé òun kò tíì parí rẹ̀. Ó di ìgbà tí a bá wà á fún ìgbà díẹ̀, ní títutù àti ní gbígbóná, ní wẹ́rẹ́ àti ní eré, kí ó tó lè sọ pé òun ti parí. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ẹnìkan ti pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀ láìpẹ́, tàbí pé wọ́n ti tú bátìrì ọkọ̀ náà. Mo mọ̀ ọ́n kà. N kò ṣí ojú ewé náà fún ìyá yìí.

Àwáwí mẹ́ta ni mo ṣe fún ọkàn mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Èkínní ni pé n kò sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí àrokò. Bí àwọn baba wa bá fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí ènìyàn, ẹ̀fà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni, pé èmi àti ìwọ jọ ara wa. Bí ìránṣẹ́ bá yọ ẹyọ owó méjì kúrò nínú mẹ́jọ lójú ọ̀nà, tí ó sì fi ìyókù jíṣẹ́ láìla ẹnu rẹ̀ rárá, ta ni yóò wí pé kò purọ́? Irọ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ nìkan. Ó wà nínú ohun tí a fẹ́ kí olùgbọ́ gbà gbọ́. A máa ń wí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo sọ fún ọmọlúàbí yẹn. Nígbà tí ó dé inú rẹ̀, odidi irọ́ ni ó dà.

Àwáwí kejì le ju ti ìṣáájú lọ. Àmì kì í ṣe àìsàn. P0420 kò fi dandan sọ pé kátálístì ti bàjẹ́. Ihò lára páìpù èéfín lè fa á, sẹ́ńsọ̀ tí ó ti ṣá lè fa á. Mẹkáníìkì tí ó bá rí àmì tí ó sì pàṣẹ lójú ẹsẹ̀ pé kí a ra ẹ̀yà tuntun olówó ńlá, tí ó ní “kọ̀ǹpútà ló wí bẹ́ẹ̀,” ń fi ẹ̀rọ jẹ́rìí èké. Nítorí náà, mo bi ara mi pé: kí ni mo fi pamọ́, nígbà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò mọ ìdí? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé iyèméjì ni mo fi pamọ́. Iyèméjì pàápàá ní olówó. Ti ìyá náà ni, nítorí owó rẹ̀ ni ó fẹ́ jáde. Òun ni ó ní ẹ̀tọ́ láti pinnu bóyá òun yóò rà á bẹ́ẹ̀, tàbí òun yóò dín owó rẹ̀ kù, tàbí òun yóò máa lọ.

Àwáwí kẹta ni pé gbogbo ayé ló ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti ilẹ̀ Jámánì pé wọ́n ti kọ́ ọkọ̀ dísù wọn láti mọ ìgbà tí a ń dán an wò, kí èéfín rẹ̀ lè mọ́ ní àkókò ìdánwò nìkan. Ilé-iṣẹ́ náà gbà pé ó kan ọkọ̀ bí mílíọ̀nù 11 káàkiri àgbáyé, wọ́n sì jẹ́bi ní ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà ní 2017. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹlẹ́ńjìnnì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àìsàn tí ó mú ẹni ńlá kò sọ àìsàn di ìlera. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kì í purọ́. Ènìyàn ni í ti ẹ̀yìn ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Èéfín sì ni ìwà; kò ṣeé bò mọ́lẹ̀ títí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó lé díẹ̀, ìyá náà padà wá. Iná ti tàn. Mo rò pé ó wá bá mi jà ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ burú ju ìjà lọ. Ó ní, “Ọmọ mi, mo mọ̀ pé àìsàn tuntun ni, nítorí ìwọ ti wò ó fún mi lọ́jọ́ yẹn.” N kò lè gbé e mì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ lójú ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó rí ihò kékeré kan lára páìpù èéfín, ó jó o pọ̀, kò sì gba kọ́bọ̀. Àìsàn ọkọ̀ kéré; tèmi ni ó tóbi. Ká ní mo ti sọ òtítọ́, bóyá ìyá náà ìbá ṣì ra ọkọ̀ náà.

Nígbà tí ó ń lọ, ó ní, “Ó dára tí o wí. Ṣùgbọ́n bí o bá tún sọ fún mi pé ọ̀nà mọ́, n ó kọ́kọ́ yọjú wò ó fúnra mi.”

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ òǹkàwé fún ẹlòmíràn ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ṣe. A ó di ògbufọ̀, olùkọ́, agbẹjọ́rò, akọ̀wé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà yóò na ìwé sí wa, yóò ní, “Kí ni ó sọ?” Ní ọjọ́ náà, kò ní tó pé kí ohun tí a sọ jẹ́ òtítọ́. A gbọ́dọ̀ ṣí ojú ewé kejì pẹ̀lú.

Ìdáhùn tèmi sí ìbéèrè mi nìyí: ó purọ́, èmi náà sì purọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èrò mìíràn, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ kí a jọ gbé e yẹ̀ wò.